Ìwọ̀n Ìbàdí Màmá

Ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan lẹ ń wá? Ẹ lọ bá Télọ̀. Bó bá ti fi téèpù yí yín lára lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn, ìbú èjìká yín kò ní kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Yóò pàdé ọkùnrin kan lójú títì, yóò rántí pé apá òsì rẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rántí orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń rántí ìwọ̀n náà ló ń rántí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí ẹ bá sọ létí Télọ̀ lónìí, ẹ ṣọ́ ọ o, torí yóò fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ti gbàgbé pé ẹ sọ ọ́.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin ni, Kékeré ni wọ́n ń pè é. Kékeré yìí ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré lóòótọ́ ni màmá wọn ti sọ ọ́ lórúkọ náà, ó dàgbà, ó hu irùngbọ̀n, kò sẹ́ni tó yí i padà. Iṣẹ́ kọ̀m̀pútà ló ń ṣe, òun ló sì kọ ojú òpó ayélujára tí Télọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ aṣọ.

Iṣẹ́ tó mọ́yán lórí ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ láti ọrùn dé kókósẹ̀, àwòrán aṣọ tí wọ́n ti rán fún un rí, àti ibi tí wọ́n bá a dé lórí èyí tí wọ́n ń rán lọ́wọ́. Inú dátábéèsì, àká ìsọfúnni inú kọ̀m̀pútà, ni gbogbo rẹ̀ wà. Lórí tábìlì ìgéṣọ, Télọ̀ gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tì sí ara ìkòkò abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wo ìwọ̀n kó tó fa ẹfun lára aṣọ. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ewé náà ń falẹ̀. Orúkọ wà lọ́tọ̀ nínú dátábéèsì, ìwọ̀n wà lọ́tọ̀, àwòrán wà lọ́tọ̀, ìgbà tó bá sì kó wọn jọ tán ni ojú ewé tó lè ṣí. Nígbà tí oníbàárà wá pọ̀, tí gbogbo wọn ń fi fóònù wo aṣọ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, ó di pé Télọ̀ ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ariwo ló sì fi ń sọ̀rọ̀: "Kékeré! Mo ti gé apá aṣọ tán o, nǹkan rẹ yìí ṣì ń pòòyì!"

Kékeré bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí òwú, ó ṣiṣẹ́ títí ó fi di ọ̀sán. Nígbà tó ṣe tán, Télọ̀ tẹ ojú ewé kan, ó ṣí wàràwàrà. Ó tẹ òmíràn, kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tó ti rí i.

"Oògùn wo lo lò sí i?" Télọ̀ béèrè.

"Kò sí oògùn níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹnìkan bá bi yín ní ìwọ̀n ìyàwó oníná tó ń ránṣọ níbí, ṣebí ẹ ó kọ́kọ́ lọ wò ó? Tí ẹlòmíràn bá tún wá bi yín nígbà tí ẹ ò tíì jókòó, ṣé ẹ ó tún padà lọ wò ó ni?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò? Ó ti wà lórí mi."

"Ohun tí mo kọ́ ẹ̀rọ yìí nìyẹn. Káàṣì là ń pè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ojú ewé kan, a ó lọ kó o jọ fún un nínú dátábéèsì, a ó sì mú odidi rẹ̀ pamọ́ sí ìtòsí bó ṣe wà yẹn. Ẹni tó bá béèrè tẹ̀ lé e, ti ìtòsí la ó nà sí i. A ò ní dé dátábéèsì rárá."

Télọ̀ ro ó wò. Kì í ṣe ẹni tí ẹ lè fi èdè gbé lọ. "Tí ìyàwó oníná bá wá bímọ ńkọ́, tó sanra?"

"Ẹni tó bá yí ìwọ̀n padà ló máa sọ fún káàṣì pé kó gbàgbé ti àtijọ́. Tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà tuntun sójú ewé yìí, nǹkan mẹ́ta ló máa ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Dátábéèsì á gbà á, káàṣì á gbàgbé, fóònù yín á sì dún láti sọ fún yín pé ìwọ̀n lágbájá ti yí padà. Ẹni tó bá wá béèrè lẹ́yìn náà, a ó lọ kó o jọ fún un lákọ̀tun."

"Tí ẹni tó yí i padà ò bá wá sọ fún un ńkọ́?"

"Ojú ewé yìí ló ń bá a sọ ọ́, ẹ ò ní mọ̀ pàápàá. Ọ̀nà míì ò sí."

Ọ̀nà míì wà o. Ṣùgbọ́n Kékeré nìkan ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kì í sì í kà á mọ́ ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ti ṣe é kí káàṣì máa gbàgbé ohun gbogbo ní òròòwúrọ̀, bóyá nǹkan kan lè ṣèèṣì ti di ògbólógbòó níbẹ̀. Télọ̀ ní ìyẹn ń jẹ́ kí ojú ewé àkọ́kọ́ falẹ̀ láàárọ̀, òun ò sì fẹ́ ohun tí yóò ba òun lọ́kàn jẹ́ kóun tó jẹun. Kékeré bá mú un kúrò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá jọ fi káàṣì sílẹ̀ kó máa rántí lọ títí ayé.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan Màmá wá nìyí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Màmá sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì pé àwọn fẹ́ tún lọ́kọ. Oníbúrẹ́dì tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópónà wọn ni, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí aya rẹ̀ ti kú tipẹ́, tí ìyẹ̀fun kì í tán ní irun ojú rẹ̀. Inú Kékeré dùn, ó fò mọ́ Màmá lọ́rùn. Inú Télọ̀ ò dùn ní tirẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fúnra yín ní kíṣìnnì yìí, lẹ́yìn tí a sin bàbá wa. Ẹ ní, 'Ẹ̀yin méjèèjì ti tó mi, mi ò fẹ́ ọkùnrin kankan nílé yìí mọ́.' Mo gbọ́ ọ. Búrẹ́dì ni ọkùnrin yìí fi ń tàn yín jẹ."

Ó ní òun ó rán aṣọ ìgbéyàwó náà, torí kò sí télọ̀ míì tó máa fọwọ́ kan ìyá òun. Ṣùgbọ́n òun ò ní bá wọn dé kọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ náà kò tún fẹsẹ̀ kan ilé Màmá mọ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn, bí ẹni tí ń kí ọ̀gá iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Màmá wọnú eegun. Wọn a máa wí fún Kékeré pé, "Tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá dúró tì mí lọ́jọ́ náà, ọkọ ni mo ní yẹn, mi ò ní ayọ̀."

Àrán aláwọ̀ sánmà ni Màmá rà fún aṣọ náà, èyí tó ṣẹ́ kù gbẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á, kò sí òmíràn. Wọ́n fi rán Kékeré sí Télọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìgbéyàwó, Màmá pe Kékeré wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

"Kékeré, mú téèpù yìí. Wọn ìbàdí mi."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni íńṣì tó wà lójú ewé Màmá, ó sì rí méjìdínlógójì.

"Háà! Màmá!"

"Pa ẹnu dé. Ṣé ẹjọ́ mi ni? Bí mo bá ti kí oníbúrẹ́dì mi láàárọ̀ ni wọ́n ń gé búrẹ́dì gbígbóná fún mi, wọn a fi bọ́tà sí i, wọn a jókòó máa wò mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́." Màmá ń bínú, ẹ̀rín sì ń bọ́ lẹ́nu wọn. "Bá mi fi nọ́ńbà tuntun yìí síbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n kó má mọ̀ pé ó yí padà. Tó bá mọ̀, ó máa ní, 'Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́.' Mi ò lè fara da ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí."

Iṣẹ́ ìyá ẹni, ta ni ó kọ̀ ọ́? Kékeré mọ̀ pé bí òun bá gba ojú ewé, fóònù Télọ̀ á dún. Ó bá ṣí kọ̀m̀pútà rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn wọnú dátábéèsì lọ tààrà, ó pa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rẹ́, ó kọ méjìdínlógójì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ó jókòó dáadáa. Fóònù ẹnikẹ́ni ò dún. Ó fẹnu ko Màmá lẹ́rẹ̀kẹ́, ó lọ sílé, orí rẹ̀ sì wú bí ẹni tó jalè tí ajá ò gbó. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, kò mọ̀ pé ata wà lẹ́nu òun ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá ní kó lọ wo bí aṣọ ṣe ń lọ sí. Kékeré tẹrí ba wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí aṣọ náà lọ́rùn ọmọlangidi tí Télọ̀ fi ń wọ aṣọ wò. Ó lẹ́wà dójú ikú. Ọrùn rẹ̀ yí po, apá rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀, síìpù ti wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ rí tín-ín-rín.

Kékeré yọ́ ojú wo ẹ̀rọ tó wà lára ìkòkò abẹ́rẹ́. Ojú ewé Màmá ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbàdí: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"O ò kí èèyàn?" Télọ̀ bi í, abẹ́rẹ́ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi." Kékeré ti ń fà sẹ́yìn lọ sí ìdí máṣíìnì. Ó yọ fóònù, ó wo dátábéèsì: méjìdínlógójì. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Télọ̀ ti ṣí ojú ewé náà ní Sátidé kí òun tó yí nọ́ńbà padà, káàṣì ti gbé odidi rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí òun wá gba ẹ̀bùrú wọlé, òun ló yẹ kó sọ fún káàṣì pé kó gbàgbé, òun ò sì sọ nǹkan kan. Látọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí Télọ̀ bá ti béèrè ìwọ̀n Màmá, Màmá ti tẹ́lẹ̀ ni káàṣì ń gbé lé e lọ́wọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí òmùgọ̀ yìí wá ṣe? Dípò kó lanu sọ̀rọ̀, ó fi fóònù pàṣẹ pé kí káàṣì gbàgbé. Ó rò pé òun á kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe ná, kóun tó mọ bóun ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni Télọ̀ na ìka sí ẹ̀rọ láti wo gígùn aṣọ. Ojú ewé ṣí lákọ̀tun níwájú rẹ̀.

Télọ̀ wò ó. Ó di ojú, ó là á. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún ìrọ̀rí.

"Kékeré."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìbàdí Màmá fi íńṣì mẹ́rin tóbi sí i báyìí, lójú mi. Kí lò ń ṣe nídìí ẹ̀?"

Kò sí ibi tó lè sá gbà, ẹnu ọ̀nà kéré fún un láti fi sáré jáde. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí téèpù dé orí bọ́tà. Télọ̀ kò tiẹ̀ pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Kékeré jù. Ó kàn lọ dúró ti aṣọ náà, ó fọwọ́ ra ojú ìrán rẹ̀. Àrán kì í dárí jini. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún, ojú ihò rẹ̀ kì í dì mọ́, ó sì ti gé etí aṣọ náà kúrò kí ó lè bọ́ sára dáadáa.

"Torí kí n má bàa rí i ni wọ́n ṣe ní kó o ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ ó sọ pé ẹ ti sọ ọ́."

"Òótọ́ ni. Ǹ bá sọ ọ́." Télọ̀ jókòó sórí àga máṣíìnì. "Gbogbo ayé ló ń bọ́ṣọ níwájú mi kí n lè wọ̀n wọ́n. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí, wọn a fi oyún hàn mí, wọn a fi àpá hàn mí. Ìyá tó bí mi wá ń fara pamọ́ fún téèpù mi." Omi dé sójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Kékeré, ṣé mo ti burú tó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Kékeré lọ́kàn. Ó lọ kúnlẹ̀ tì í, kó lè ga bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. "Ẹ ò burú. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kíṣìnnì lọ́jọ́sí lẹ ṣì dì mú. Ẹ̀gbọ́n mi, látìgbà yẹn, ṣé ẹ ti tún bi wọ́n?"

Télọ̀ ṣẹ́jú wò ó. "Má fi káàṣì rẹ bú mi o."

"Mi ò bú yín."

"O bú mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ti Kékeré lórí sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. "Dìde. Lọ mú ìyá mi wá."

Oníbúrẹ́dì fúnra wọn ló fi ọkọ̀ búrẹ́dì gbé Màmá wá. Wọn ò jẹ́ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró síta, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí àwọn, ẹ̀rù Télọ̀ ló ń bà wọ́n. Màmá wọlé tìtìjú-tìtìjú, wọ́n rí aṣọ náà, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n gbé e wọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, èjìká jókòó, apá jókòó. Télọ̀ fa síìpù. Ó dé ìbàdí, ó dúró pa.

"Síìpù ayé ìsinsìnyí," ni Màmá wí, "wọn ò ṣe é dáadáa."

"Síìpù dáa, Màmá. Ẹ gbé apá sókè."

Télọ̀ mú téèpù lọ́rùn, ó fi yí ìyá rẹ̀ ká. Ó ti pẹ́ tí ó ti sún mọ́ wọn tó báyìí, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ ọ́n. Òórùn búrẹ́dì ń jáde lára Màmá.

"Ẹ má fa inú mọ́ra. Ẹ mí síta."

"Mo ti mí."

"Màmá."

Màmá mí síta. Ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ wẹ̀rẹ̀ lórí téèpù. Télọ̀ tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń pa á. "Mọ́kàndínlógójì! Kékeré, bá mi gbọ́ o, dátábéèsì rẹ pàápàá, irọ́ ló wà níbẹ̀!"

"Wọ́n fa inú mọ́ra fún èmi náà!" Kékeré ké.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, Màmá ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn rẹ́rìn-ín mọ́ kí ìrán tó tú. Télọ̀ ní ìrán gbọ́dọ̀ tú náà ni. Ó ní òun ó la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé ilẹ̀, òun ó rán sátíìnì dúdú tó ń dán mọ́ àlàfo náà, ojú ihò abẹ́rẹ́ á sì wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi abẹ́rẹ́ sàmì sí ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ní ẹ ò fẹ́ ọkùnrin mọ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni." Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ó ti yí padà, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n wá sọ fún ọ jẹ́jẹ́, kí n tó kàn gbé ọkọ kò ọ́ lójú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín?"

"Ìbàdí mi lo fọwọ́ mú yẹn, o tún ń bi mí?"

Télọ̀ fi orí ti ìyá rẹ̀ níkùn, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ́rẹ́ kan sí i, ó ní, "Aago mélòó la máa dé kọ́ọ̀tù ní Sátidé?"

"Aago mẹ́wàá," ni Kékeré sọ láti ìdí máṣíìnì.

"Mi ò bi ìwọ. Màmá ni mò ń bi."

Màmá fọwọ́ pa á lórí. "Aago mẹ́wàá ni," ni wọ́n wí, "aago mẹ́wàá, ọmọ mi."